Dírílì Oníhámà Oníwáyà fún Iṣẹ́ Ilé: Ògiri Yín Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́, tẹ́ ẹ ní dírílì lẹ wá rà, wáàtì ni ọlọ́jà á kọ́kọ́ kà sí yín létí. "Èyí 650, èyí 850, èyí 1,050, òun ló lágbára jù." Á gbé e lé yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe wúwo tó. Kò ní bi yín pé irú ògiri wo lẹ fẹ́ lu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú, torí dírílì tó lu ògiri yàrá mẹ́ta láàárọ̀ láìṣe wàhálà lè dé abẹ́ dẹ́kìn lọ́sàn-án kó kàn máa pariwo lásán.

Dírílì oníhámà, ìyẹn èyí tó ń gbá ògiri bó ṣe ń yí, tó sì jẹ́ oníwáyà nìkan ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tó bá fẹ́ so kọ́tìnì tàbí gbé tẹlifíṣàn kọ́ ara ògiri ló ń rántí dírílì, kí ló fẹ́ fi owó bátìrì ṣe? Bátìrì á jókòó sínú àpótí fún oṣù mẹ́fà, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dé ló máa ti kú. Oníwáyà rọ̀ lówó ju oníbátìrì lọ fún agbára kan náà, iná nìkan ló sì ń béèrè. Ọ̀rọ̀ iná náà, à ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi díwọ̀n wọn

Ògiri ló ṣe pàtàkì jù, n ò ní kánjú kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń kọ́ nílẹ̀ Yorùbá lóde òní, búlọ́ọ̀kù yanrìn àti símẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ: ti íǹṣì 9 tàbí ti íǹṣì 6, oníhò méjì ńlá nínú, tí bíríkìlà wá fi símẹ́ǹtì rẹ́ lójú. Ìlànà Nàìjíríà tó wà fún búlọ́ọ̀kù, NIS 87, ń béèrè agbára tó tó 2.5 sí 3.45 N/mm², ìyẹn ìwọ̀n ipá tó lè fara dà kó tó fọ́. Ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ létí títì kò dé ibẹ̀, torí àpò símẹ́ǹtì kan ni wọ́n máa ń fà gùn kí búlọ́ọ̀kù lè pọ̀. Kọ̀ǹkéré dẹ́kìn àti ti pílà yàtọ̀: 20 N/mm² sókè ni wọ́n máa ń pò ó fún. Ẹ ṣírò ìyẹn wò. Nínú ilé kan ṣoṣo, ibì kan le ju ibòmíì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbo wá ni kọ̀ǹkéré wà nínú ilé? Líńtẹ̀lì wà lókè ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ibẹ̀ gan-an la sì máa ń fẹ́ kan ọ̀pá kọ́tìnì mọ́. Pílà wà láwọn igun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ohun tó wà lókè orí ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, dẹ́kìn ni, ibẹ̀ la ń so fáànù kọ́. Àtẹ̀gùn náà, kọ̀ǹkéré ni. Inú gbogbo wọn ni òkúta gíránáìtì àti irin rọ́ọ̀dù sápamọ́ sí. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi ìdí sìkírúdíráfà kan ògiri náà: búlọ́ọ̀kù á dún bí ohun tó ṣófo, kọ̀ǹkéré á dún kíki, ọwọ́ á sì ta yín díẹ̀.

Ilé àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n wá fi símẹ́ǹtì rẹ́ lójú, tó ṣì pọ̀ láàárín ìlú Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, kò fẹ́ hámà rárá. Hámà á kàn já símẹ́ǹtì ojú rẹ̀ lulẹ̀ ni, amọ̀ abẹ́ rẹ̀ á sì máa dà jáde lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan wà nípa búlọ́ọ̀kù oníhò tí àwọn tó ń ta dírílì kì í sọ. Hámà ń bà á jẹ́ láti inú. Ara búlọ́ọ̀kù tó yí ihò rẹ̀ ká kò nípọn. Bí bíìtì, irin ẹnu dírílì tó ń lu ihò, bá ti ń gbá a, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún á ya lulẹ̀ kí bíìtì tó yọ. Ihò 8 mm lẹ rí lójú, àmọ́ nínú lọ́hùn-ún ó ti fẹ̀ bí ẹnu ife. Fíṣà, rọ́bà tí à ń kì bọnú ihò kí sìkírù lè dì mú, á wọlé wẹ́rẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá sìkírù yí, kò sì ní di nǹkan kan mú. Ohun tó yẹ ni kẹ́ ẹ yí bọ́tìnì síbi tí dírílì á ti máa yí lásán láìgbá, kẹ́ ẹ fi bíìtì tó mú, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù. Ihò á mọ́, fíṣà á sì dì í mú. Nítorí náà, fún nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ tí à ń ṣe nínú ilé búlọ́ọ̀kù, hámà ńlá kì í ṣe àǹfààní. Ibi líńtẹ̀lì, pílà àti dẹ́kìn nìkan ló ti ń di ọ̀ràn.

Ìwọ̀n ihò ló tẹ̀ lé e. Kọ́tìnì, àwòrán, pẹpẹ àti tẹlifíṣàn, ihò 6 mm sí 10 mm ni wọ́n ń béèrè. Bóòtì tí à ń fi de irin ẹ̀rọ amúlétutù tàbí irin ojú fèrèsé máa ń béèrè 10 mm sí 16 mm. Ti páìpù omi tó fẹ́ la ògiri já, ọ̀rọ̀ 20 mm sókè ni.

Iná. Dírílì 600 W kò jẹ́ nǹkankan lójú iná NEPA tó bá dúró dáadáa. Ìgbà tí iná bá rẹlẹ̀, tàbí tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" ni wọ́n so ó mọ́, ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ yẹn, tó bá sapá títí, nǹkan bí 650 W ló lè gbé. Dírílì 600 W á gbà á tán pátápátá. Tí gílóòbù méjì bá tún wà lórí rẹ̀, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, fóòtì á já, dírílì á máa fà. Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mọ́tò dírílì, ara mọ́tò náà ló wà. Bí mọ́tò bá ń fà, fáànù náà ń fà nìyẹn, ooru á pọ̀, kọ́ìlì á sì jó. Ẹ jẹ́ kí agbára jẹnẹrétọ̀ yín tó ìlọ́po méjì wáàtì tó wà lára dírílì. Tó bá jẹ́ ínfátà ni, ẹ wádìí bóyá oníná tó mọ́ bíi ti NEPA ló ń gbé jáde, torí èyí tí iná rẹ̀ kò mọ́ máa ń da bọ́tìnì tó ń darí eré dírílì láàmú. Ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, fóòtì tiyín bá àwọn ẹ̀rọ yìí mu. Orí púlọ́ọ̀gì nìkan lẹ máa pààrọ̀.

Àtúnṣe àti owó àpapọ̀ ló kù. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ dírílì oníwáyà, kábọ̀n méjì wà tó ń gbé iná wọnú mọ́tò, tó sì ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Ẹ bi ọlọ́jà, kẹ́ ẹ tó sanwó, pé kó fi kábọ̀n ẹ̀rọ náà hàn yín, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó ń tà á. Dírílì tí kò ní kábọ̀n lọ́jà, bó ti wù kó dáa tó, ọjọ́ iwájú rẹ̀ kúrú. Owó bíìtì náà, ẹ kà á mọ́ owó dírílì. Mo máa sọ ìdí tó bá yá. N ò ní kọ iye náírà kankan síbí, torí iye tí mo bá kọ lè ti yí padà kẹ́ ẹ tó dé ọjà. Ẹ béèrè iye gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà ní ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra.

Hámà oríṣi méjì

Nínú dírílì oníhámà tí gbogbo èèyàn mọ̀, tí mo máa pè ní eléyín, irin pẹlẹbẹ méjì tó ní eyín ló dojú kọra wọn. Bẹ́ ẹ bá ti ti dírílì mọ́ ògiri, eyín wọn á máa gun ara wọn, wọ́n á máa jábọ́, bíìtì á sì máa ta síwá sẹ́yìn. Ó ń gbá níye tó pọ̀ gan-an, 48,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan fún Makita kan tí mo máa dárúkọ, àmọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ fúyẹ́. Apá yín ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú agbára náà. Tó bá pàdé òkúta gíránáìtì nínú dẹ́kìn, á dúró síbẹ̀ kó máa yọ eruku funfun, ẹ̀yin á máa làágùn.

Èkejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní rótárì hámà, tí bíìtì rẹ̀ ń jẹ́ SDS. Mọ́tò rẹ̀ ń ti písítìn kan, písítìn ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ náà ló ń ju irin kan lu ìdí bíìtì. Iye ìgbà tó ń gbá kò ju bí 4,000 sí 5,000 lọ ní ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ wúwo, bẹ́ ẹ bá sì kàn gbé ọwọ́ lé e díẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Àwọn Bosch ní Jámánì ti ń ta irú hámà bẹ́ẹ̀ láti 1932. Ní 1975 ni ìdí bíìtì oníkòtò tí à ń pè ní SDS dé, èyí tó ń wọlé kìrà láìsí kọ́kọ́rọ́, tí kì í sì í yọ̀ lẹ́nu dírílì.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ihò tó wà níbí ni èyí tó tóbi jù tí olùṣe ẹ̀rọ ní ó lè lu nínú kọ̀ǹkéré:

| Ẹ̀rọ | Irú hámà | Wáàtì | Ihò nínú kọ̀ǹkéré |
|---|---|---|---|
| Bosch GSB 13 RE | eléyín | 600 W | 13 mm |
| Bosch GSB 16 RE | eléyín | 750 W | 16 mm |
| Makita HP1630 | eléyín | 710 W | 16 mm |
| Makita HP2050 | eléyín, gíà méjì | 720 W | 20 mm |
| Makita HR2470 | SDS-plus | 780 W | 24 mm |
| Bosch GBH 2-26 DRE | SDS-plus | 800 W | 26 mm |

Wáàtì àwọn tó wà nísàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti àwọn tó wà lókè lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ti lo méjèèjì nínú dẹ́kìn mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí SDS ń ṣe. Wáàtì ń sọ iye iná tí ẹ̀rọ ń gbà wọlé, kò sọ bó ṣe ń ná an. Ẹ tún rántí pé "lè lu 16 mm" kò túmọ̀ sí pé á yá. Nínú àwọn eléyín, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n yẹn ni iṣẹ́ ìrọ̀rùn.

Àwọn olówó pọ́ọ́kú: Ingco, Total àtàwọn ẹgbẹ́ wọn

Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń wá, ìlú wo lẹ bá sì dé, ẹ máa rí wọn. Èyí tó máa ń wà lórí pẹpẹ ni oníhámà eléyín tó wà láàárín 650 W sí 850 W. Fún ilé búlọ́ọ̀kù tí iṣẹ́ ibẹ̀ kò kọjá ihò 6 mm àti 8 mm, n ò rí ìdí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ ra jù wọ́n lọ. Ohun tí owó kékeré náà ń gé kúrò, ẹnu dírílì àti bọ́tìnì ìtẹ̀ ló ti ń hàn. Ẹnu rẹ̀ lè má tọ́, kí orí bíìtì máa jó lọ jó bọ̀. Ihò tẹ́ ẹ ní kó jẹ́ 6 mm á wá di 7, fíṣà á tú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí ọlọ́jà ki bíìtì tuntun tó tọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kó tan án, kẹ́ ẹ rọra tẹ bọ́tìnì. Tí orí bíìtì bá ń ya òbírípo lójú yín, ẹ ní kó gbé òmíì. Bọ́tìnì gbọ́dọ̀ lè mú un lọ díẹ̀díẹ̀ kó tó sáré. Èyí tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kàn án ló ta, kò ní wúlò lójú táìsì. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ẹ̀rọ tuntun lè wà díẹ̀, òórùn ìjóná kò dáa.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 1,050 W tàn yín nínú ẹ̀ka yìí. Hámà eléyín ni ìyẹn náà. Ó wúwo sí i, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e, òkúta inú dẹ́kìn kò sì ní tìtorí rẹ̀ sá. Tẹ́ ẹ bá ní owó tí 1,050 W yẹn ń béèrè, ẹ fi díẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ ra SDS ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ kan náà. Ohun tí mo gbà ni pé nínú kọ̀ǹkéré, SDS olówó pọ́ọ́kú sàn ju eléyín olówó ńlá lọ.

Bosch GSB 13 RE, GSB 16 RE àti Makita HP1630

Àwọn wọ̀nyí ni mo máa fún ẹni tó fẹ́ kí dírílì kan bá òun dàgbà. Ẹnu wọn tọ́, bọ́tìnì wọn ń gbọ́ràn, wọ́n sì ń yí padà sẹ́yìn, èyí tó wúlò gan-an tí bíìtì bá há sínú ògiri tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú sìkírù. GSB 13 RE kò tó kílò 2. Ẹni tó máa dúró lórí àkàbà, tó máa na ọwọ́ sókè fún wákàtí kan, á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Torí pé 600 W ló ń gbà, òun náà ló rọrùn jù fún jẹnẹrétọ̀ tí kò tóbi.

HP1630 ló ń fi 48,000 gbá ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú eré 3,200 ìyípo. Òun àti GSB 16 RE lágbára díẹ̀ ju GSB 13 RE lọ nínú líńtẹ̀lì, ihò 8 mm níbẹ̀ kò ní pa yín. Nínú dẹ́kìn, ihò kan tàbí méjì ṣeé ṣe, tẹ́ ẹ bá ń sinmi láàárín. Ihò mẹ́jọ nínú dẹ́kìn, ẹ ti yan irinṣẹ́ tí kò yẹ nìyẹn. Láàárín HP1630 àti GSB 16 RE, n ò rí ìyàtọ̀ tó tó fún onílé láti máa jà sí. Èyí tí kábọ̀n àti bọ́tìnì rẹ̀ wà nítòsí yín ni kẹ́ ẹ mú.

Ayédèrú ni ìṣòro ẹ̀ka yìí. Orúkọ méjèèjì gbajúmọ̀ débi pé àwọn kan ń lẹ orúkọ wọn mọ́ ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ wo ìwé irin tàbí ìwé àlẹ̀mọ́ tó wà lára ẹ̀rọ: nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti páálí mu, lẹ́tà ibẹ̀ kò sì gbọdọ̀ máa ṣí tẹ́ ẹ bá fi èékánná họ ọ́. Wáyà gidi máa ń rọ̀ lọ́wọ́ bíi rọ́bà, ti ayédèrú máa ń gan bíi páìpù. Tí owó tí wọ́n dá lé "Makita" bá jẹ́ iye tí wọ́n dá lé Ingco, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú páálí. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọ̀ Bosch dà yín rú o: aláwọ̀ aró ni wọ́n ṣe fún oníṣẹ́ ọwọ́, aláwọ̀ ewé ni wọ́n ṣe fún onílé. Ojúlówó ni méjèèjì.

Makita HP2050 wà fún ẹni tó tún ń ṣe iṣẹ́ igi tàbí irin. Gíà rẹ̀ méjì. Gíà kékeré rẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, ó sì ní ipá láti lu irin nípọn tàbí igi líle. Ó wúwo ju àwọn eléyín yòókù yìí lọ. Tí ògiri nìkan bá ni tiyín, ẹ fò ó.

SDS-plus: Makita HR2470 àti Bosch GBH 2-26 DRE

Ẹni tó ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó fẹ́ so fáànù mẹ́rin kọ́ dẹ́kìn, tó fẹ́ de irin ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ pílà, tó tún fẹ́ la páìpù já, kó wá síbí tààrà. HR2470 ń gbá 4,500 ìgbà ní ìṣẹ́jú, GBH 2-26 DRE ń gbá 4,000, pẹ̀lú júùlù 2.7 (ìwọ̀n agbára tó fi ń gbá) lẹ́ẹ̀kan. Ihò 8 mm tó máa gba dírílì eléyín ní ìṣẹ́jú púpọ̀ nínú dẹ́kìn, ìṣẹ́jú àáyá ni fún àwọn yìí. Gíránáìtì ò ní dá wọn dúró. Irin rọ́ọ̀dù nìkan ló máa dá wọn dúró, torí orí bíìtì ògiri kì í gé irin. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ohùn yí padà, tí bíìtì kò lọ mọ́, ẹ má fi tipá ṣe é. Ẹ sún ihò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Rọ́ọ̀dù inú dẹ́kìn ló ń gbé ilé dúró.

Méjèèjì tún ní ibi tí ẹ lè yí i sí kó máa gbá láìyí. Ẹ ki ṣísẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́, ẹ lè fi la ojú ògiri fún páìpù wáyà iná, ẹ lè fi ṣí táìsì àtijọ́. Iṣẹ́ kékeré ni mo ń sọ o. Ẹni tó bá fẹ́ fi wó ògiri tàbí fọ́ dẹ́kìn, ẹ̀rọ tó tóbi ju èyí lọ ló ń wá.

Ohun mìíràn tó mú kí n fẹ́ràn wọn ni kílọ́ọ̀ṣì ààbò inú wọn. Tí bíìtì bá há lójijì, kílọ́ọ̀ṣì á tú, ẹ̀rọ kò ní yí ọrùn ọwọ́ yín pọ̀. Ọ̀pọ̀ eléyín kò ní èyí. Ẹ̀rọ á máa yí lọ ni, ọwọ́ yín á sì bá a lọ, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tú ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ dírílì dànù.

Àbùkù wọn? Wọ́n wúwo, nǹkan bí kílò 2.7. Bíìtì tẹ́ ẹ ti ní nílé, tí ìdí rẹ̀ tọ́ gbọọrọ, kò ní wọ ẹnu wọn. Bíìtì SDS-plus tuntun lẹ máa rà, ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ka owó bíìtì mọ́ ọn. Ẹ lè ra ẹnu àfikún kí wọ́n lè lu igi àti irin, àmọ́ ó máa ń mì, kì í sì í mú ihò tó mọ́ wá. Nínú búlọ́ọ̀kù oníhò, hámà wọn le jù. Ẹ gbọ́dọ̀ pa á, kẹ́ ẹ jẹ́ kó yí nìkan. Ẹ máa fi gíríìsì díẹ̀ sí ìdí bíìtì kẹ́ ẹ tó kì í bọ̀ ọ́, kò ní tètè jẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó lórí jẹnẹrétọ̀, ẹ má lọ sí èyí tí kò tó 2 kVA, 2.5 kVA ló fọkàn balẹ̀.

Láàárín àwọn méjèèjì, HR2470 ni mo máa mú tó bá jẹ́ ihò kéékèèké ló pọ̀, torí ó ń sáré díẹ̀ sí i, 1,100 ìyípo sí 900. Fún ihò páìpù ńlá, GBH 2-26 DRE. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀.

Tòkunbọ̀

Tòkunbọ̀ dáa nígbà míì ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, ṣùgbọ́n pàkúté ńlá kan wà níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́lé ní Ìlú Ọba, fún ààbò, iná 110 V láti inú tiransífọ́mà ni wọ́n ń lò níbi iṣẹ́, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì máa ń jẹ́ yẹ́lò, róbótó. Dírílì irú rẹ̀ ń wọlé wá. Ẹnìkan á gé púlọ́ọ̀gì yẹ́lò náà dànù, á fi èyí tó ń wọ ògiri wa sí i, á gbé e síta. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ki í bọ iná 230 V, á sáré bí ẹni tó ya wèrè, á rú èéfín, ó parí nìyẹn. Ti Amẹ́ríkà náà, 120 V ni. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ fúnra yín. Bí wọ́n bá ti họ ibi tí wọ́n kọ fóòtì sí, ẹ gbé e kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó fẹ́ fi dírílì ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston pẹ̀lú, kí owó wọn má baà ṣòfò.

Àmì kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ wá lára gbogbo dírílì, tuntun tàbí tòkunbọ̀: igun mẹ́rin kékeré nínú igun mẹ́rin ńlá. Ó ń sọ pé ìdáàbòbò iná rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, ìyẹn ni wáyà rẹ̀ fi jẹ́ ẹsẹ̀ méjì tí kò ní ti ilẹ̀. Ilé tí wọn kò sin wáyà ilẹ̀ dáadáa pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ má fojú kéré àmì yẹn.

Bíìtì, táìsì àti eruku

Bíìtì burúkú á sọ dírílì rere di aláìwúlò. Ẹ ra ẹyọ mẹ́ta tó dáa, 6, 8 àti 10 mm, dípò páálí oníbíìtì ogún tí orí wọn ń tú lójú ihò kejì. Lójú táìsì, ẹ pa hámà, ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn kí bíìtì má baà yọ̀, ẹ fi bíìtì táìsì olórí ọ̀kọ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ rọra lọ. Táìsì porcelain tó le ń fẹ́ bíìtì oní dáyámọ́ńdì àti omi díẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti la táìsì já lẹ tó lè ronú nípa hámà.

Kẹ́ ẹ tó lu ògiri, ẹ wo ibi tí swíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Páìpù wáyà wọn sábà máa ń gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ lọ gbọọrọ láti ibẹ̀. Ẹ má lu ojú ọ̀nà yẹn. Eruku kọ̀ǹkéré ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ bo imú, ẹ sì wọ awò sójú, pàápàá tó bá jẹ́ òkè orí lẹ ń lu.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹ̀yin tó ń gbé ilé búlọ́ọ̀kù onílẹ̀ kan, tó jẹ́ pé kọ́tìnì, àwòrán àti tẹlifíṣàn ni iṣẹ́ yín: eléyín olówó pọ́ọ́kú tó bá yege nínú ìdánwò ṣọ́ọ̀bù ti tó. Ẹ fi owó tó ṣẹ́ kù ra bíìtì àti fíṣà tó dáa.

Ẹni tó lo jẹnẹrétọ̀ tí kò tóbi púpọ̀ àmọ́ tó tó ìlọ́po méjì wáàtì dírílì, tàbí tó máa ń dúró lórí àkàbà, tó tún fẹ́ kí ihò rẹ̀ mọ́ láti ọdún dé ọdún: GSB 13 RE. Tí líńtẹ̀lì bá pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, GSB 16 RE tàbí HP1630. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan lu ògiri tó ń fi ọwọ́ kejì ṣe káfíńtà, HP2050.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́, ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ amúlétutù àti omi fúnra rẹ̀: SDS-plus, láìwo ẹ̀yìn. Tí owó Makita tàbí Bosch kò bá sí, SDS ti Ingco tàbí Total ṣáájú eléyín èyíkéyìí. Onílé alámọ̀ kò nílò hámà. Dírílì lásán àti bíìtì tó mú ti tó o.

Àti ẹni tó ń gbé ilé àyágbé, tó jẹ́ pé tẹlifíṣàn kan ṣoṣo ló fẹ́ gbé kọ́ ògiri: ẹ má ra dírílì kankan. Ẹ pe oníṣẹ́ iná àdúgbò, ẹ ra fíṣà 8 mm fúnra yín kó má fi èyí tó rí nílẹ̀ ṣe é, kẹ́ ẹ sì sọ fún un kó pa hámà tó bá dójú búlọ́ọ̀kù.